A Kì í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn: Ìtàn Ìdánwò Ohun Abúgbàmù Ìwakùsà àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ará Lekki àti Ajah

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wa èédú inú ilẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohun abúgbàmù wò kí wọ́n tó gbà á láyè nínú ihò kùsà. Ó fi ìtàn náà wo ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ní Nàìjíríà: ti Iva Valley ní Enugu (1949), ti bárékè ológun ní Ìkẹjà (2002) àti ti Bódìjà ní Ìbàdàn (2024). Èrò wa ni pé ìdánwò tí a ṣe ní ibùdó ìdánwò jẹ́ ìdajì iṣẹ́ lásán. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ohun abúgbàmù, ní ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí, àti nínú ẹ̀tọ́ tí àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀ ní láti bèèrè. Ìdajì kejì yìí ló bàjẹ́ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

1. Ìfáárà

Ilẹ̀ yanrìn ni ilẹ̀ Lekki àti Ajah. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga tàbí ìpìlẹ̀ ilé ní agbègbè náà, yanrìn àti omi ni yóò bá. Kò ní bá àpáta. Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà ọlọ́dà, kò sí afárá, kò sí ilé alájà ní Lekki tí a kọ́ láìlo òkúta. Ibo ni òkúta náà ti wá? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti àwọn ibi ìfọ́kúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ó jẹ́ pé ohun abúgbàmù ni a fi ń la àpáta kí ọkọ̀ tó gbé e wá sí Èkó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń kọ́ odi òkúta sí ẹnu ọ̀nà òkun Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé, òkúta Aro ní Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú irin ń kó wá. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé odi náà ló dí yanrìn tí ìgbì òkun máa ń wọ́ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn lọ́wọ́, tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí òkun Victoria Island. Òkúta mìíràn ni a tún fi mọ odi Eko Atlantic láti dá omi náà dúró. Bákan náà, odi òkúta ló ń gba ìgbì lójú ní èbúté Lekki tí a ṣí ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023.

Ohun tí a ń sọ ni pé ará Lekki àti Ajah ń jẹ àǹfààní ohun abúgbàmù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kì í dé etí wọn. Ohun tí ariwo rẹ̀ kò dé etí ẹni, ó ṣòro kí ènìyàn rántí bèèrè nípa rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó mọ ìtàn bí aráyé ṣe kọ́ láti dán ohun abúgbàmù wò, àti ohun tí ìdánwò náà kò lè ṣe. Inú ihò èédú ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

2. Ewu tó wà nínú ihò èédú

Nígbà tí a bá sọ èédú nínú iṣẹ́ yìí, èédú inú ilẹ̀ ni a ní lọ́kàn, kì í ṣe èédú igi tí àwọn ìyá wa fi ń dáná. Ohun méjì ló máa ń wà nínú ihò èédú tí kì í sí níbi ìfọ́kúta tó wà ní gbangba. Èkíní ni gáàsì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní methane, tó máa ń jáde láti ara èédú. Bí ó bá dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan, iná díẹ̀ ló ń retí. Èkejì ni eruku èédú. Eruku tó sùn sílẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí ìbúgbàmù kékeré kan bá gbé e sókè, òun náà á gbiná, iná náà á sì máa sáré láti ihò kan dé òmíràn.

Ẹ̀tù ìbọn ni àwọn awakùsà kọ́kọ́ ń lò láti fọ́ èédú. Ọwọ́ iná ẹ̀tù máa ń gùn, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó kú, nítorí náà ó rọrùn fún un láti ran gáàsì. Nígbà tí Alfred Nobel gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí dínámáìtì ní 1867, agbára ìfọ́kúta pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iná dínámáìtì gbóná ju ti ẹ̀tù lọ. Ìbéèrè tó wá dojú kọ àwọn onímọ̀ ni èyí: báwo ni a ṣe lè fọ́ èédú láìtanná ran afẹ́fẹ́ tí awakùsà ń mí?

Ẹ̀mí púpọ̀ ló ṣòfò kí ìdáhùn tó dé. Ní Courrières ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, 1906, ènìyàn 1,099 ló kú nígbà tí iná gba inú eruku èédú kọjá. Ní Monongah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 6, oṣù kejìlá, 1907, ènìyàn 362 ni ìjọba kà pé ó kú.

3. Bí ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá ojútùú. Ní 1877, ìjọba ibẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí gáàsì inú ihò kùsà. Ernest Mallard àti Henry Le Chatelier ṣe ìwádìí lórí bí ó ti yẹ kí iná ohun abúgbàmù gbóná mọ. Iṣẹ́ wọn ló bí òfin pé ìgbóná náà kò gbọdọ̀ ju 1,500°C lọ níbi tí a ti ń fọ́ èédú fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 1,900°C lọ níbi tí a ti ń la àpáta. Láti mú kí iná náà tutù, wọ́n ń po iyọ̀ ammonium nitrate mọ́ ohun abúgbàmù.

Ìṣirò ni ọ̀nà ti Faransé dúró lé. Àwọn mìíràn sọ pé ìṣirò nìkan kò tó, àfi kí a fi ojú rí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó ìdánwò sílẹ̀ ní Woolwich ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ní Amẹ́ríkà, ọdún kan lẹ́yìn ìjàm̀bá Monongah, ibùdó ìdánwò kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Pittsburgh ní 1908.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wọ́n to irin rìbìtì ńláńlá mọ́ ara wọn títí ó fi di ihò kan tó gùn tó nǹkan bí mítà 30, kí ó lè jọ ihò kùsà. Wọ́n da gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fọ́n eruku èédú sínú rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun kan, wọ́n ki ohun abúgbàmù sínú àgbá irin, wọ́n sì yìn ín sínú ihò náà. Bí gáàsì tàbí eruku bá gbiná, ohun abúgbàmù náà já nínú ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ní 1909, wọ́n tẹ orúkọ àwọn ohun abúgbàmù tó yege jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ní 1910, ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwakùsà.

4. Ohun tí ìwé àṣẹ sọ àti ohun tí kò sọ

Ibi tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ sí nìyí. Bí a bá ka àwọn ìlànà tó bá orúkọ tí Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde rìn fínnífínní, a ó rí i pé wọn kò sọ pé ohun abúgbàmù kan kò léwu. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò ní ran gáàsì bí a bá pa àwọn ìlànà kan mọ́. Àkọ́kọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ awakùsà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ tí a dán wò mu ní gbogbo ọ̀nà. Èkejì, ohun ìtanná tí a fi ń yìn ín gbọ́dọ̀ ní agbára tó tó. Ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 680 lọ nínú ihò kan, a sì gbọ́dọ̀ fi amọ̀ tàbí ohun mìíràn tí kì í jó dí ẹnu ihò náà dáadáa. Bí a bá rú ọ̀kan nínú wọn, ìwé àṣẹ ti di ìwé lásán.

Ìlànà àkọ́kọ́ gan-an ló gba àròjinlẹ̀. Èyí tí a yìn ní ibùdó ìdánwò ti jó, kò sí mọ́. Èyí tí a óò lò jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rin ìrìn-àjò, ó ti wà nínú ilé ìpamọ́, oòrùn ti pa á, ọ̀rinrin ti kàn án, ọjọ́ sì ti gorí ọjọ́. Ohun abúgbàmù ń gbó. Òmíràn a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ohun tó lè bú fúnra rẹ̀. Onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Abel, ṣe ọ̀nà kan láti mọ èyí ní ọ̀rúndún 19. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú ohun abúgbàmù náà, wọ́n á fi ooru mú un, wọ́n á sì gbé ìwé pélébé tí a fi sítáàṣì àti potassium iodide pa sókè rẹ̀. Bí àwọ̀ ìwé náà bá tètè yí padà, ohun abúgbàmù náà ti ń bàjẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló wà, kì í ṣe ẹyọ kan. Báwo ni ó ṣe ń jó? Ṣé ó ṣì wà bí ó ti wà nígbà tí a dán an wò? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀, níbo, àwọn wo ló sì ń gbé nítòsí? Ibùdó ìdánwò lè dáhùn èkíní. Ayẹ̀wò lóòrèkóòrè ló ń dáhùn èkejì. Òfin àti ìwà ọmọlúàbí ló ń dáhùn ẹ̀kẹta.

5. Iva Valley, 1949

Enugu ni ibi tí èédú inú ilẹ̀ ti so mọ́ ìtàn Èkó. Ní 1909 ni àwọn awádìí ilẹ̀ tí Albert Kitson ṣáájú wọn rí èédú ní agbègbè Udi. Ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ ní 1915, ojú irin sì so Enugu mọ́ Port Harcourt ní 1916. Láti Port Harcourt, ọkọ̀ ojú omi ń gbé èédú wá sí Èkó. Òun ni a ń dá nínú ibùdó iná mànàmáná Ìjọrà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Lọ́nà yìí, iná tó ń tàn ní Èkó nígbà náà so mọ́ ohun tí àwọn awakùsà Enugu ń yìn nínú ihò, gẹ́gẹ́ bí òkúta Lekki ṣe so mọ́ ibi ìfọ́kúta lónìí.

Ní oṣù kọkànlá, 1949, àwọn awakùsà Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ falẹ̀ nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà pé ó tọ́ sí wọn. Àwọn aláṣẹ kùsà lé lára wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba amúnisìn ń bẹ̀rù pé ohun abúgbàmù inú kùsà lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajìjàgbara, pàápàá ẹgbẹ́ Zikist, wọ́n sì pinnu láti kó o kúrò. Àwọn awakùsà ní ẹ̀rù tiwọn. Ní ojú wọn, bí a bá kó ohun abúgbàmù lọ, a jẹ́ pé a fẹ́ ti kùsà pa, kí a sì lé wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, àwọn ọlọ́pàá dé Iva Valley láti kó o. Èrò pọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 kú, 51 sì farapa.

Ìgbìmọ̀ Fitzgerald tó wádìí ọ̀rọ̀ náà bẹnu àtẹ́ lu bí ọ̀gá ọlọ́pàá náà ṣe yìnbọn, àti bí ìjọba ṣe sọ ìjà owó iṣẹ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí kì í fohùn ṣọ̀kan dá National Emergency Committee sílẹ̀, Dókítà Akínọlá Májà sì ni alága rẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Kò burú kí ìjọba máa ṣọ́ ohun abúgbàmù; iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí ìjọba ń bẹ̀rù yìí gan-an ni a fi ohun abúgbàmù náà lé lọ́wọ́ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bèèrè owó ni wọ́n di ẹni tí a kò lè fọkàn tán. Ẹnikẹ́ni kò jókòó bá wọn sọ ohun tí kíkó o lọ túmọ̀ sí fún iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ààbò di ìdí tí a fi pa ènìyàn, ohun abúgbàmù náà kò sì bú.

6. Ìkẹjà, 2002

Ohun ìjà ogun ni ti Ìkẹjà, kì í ṣe ti ìwakùsà. A mú un wá síbí nítorí pé ìbéèrè kejì àti ẹ̀kẹta kan náà ni ó gbé dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, 2002, iná ràn dé ilé ìkóhun-ìjà-sí nínú bárékè Ìkẹjà. Bọ́ǹbù àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ènìyàn sá kiri láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn já sí kánáàlì Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ nínú òkùnkùn, omi sì gbé wọn lọ. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn, bí kò ṣe ìpayà àti àìmọ̀nà.

Ọ̀gá ológun kan ní Èkó tọrọ àforíjì. Ó ṣàlàyé pé ilé ìkóhun-ìjà-sí àtijọ́ ni, àti pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí ìjàm̀bá náà tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ó fi hàn pé a mọ̀ pé nǹkan náà ti gbó. Ohun tí a kò ṣe ni pé kí a kó o kúrò láàrin ènìyàn, nítorí pé nígbà tó fi di 2002, ilé, ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́ ti yí bárékè náà ká. Àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn odi, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá bí iná bá ṣẹ́ yọ.

7. Bódìjà, 2024

Ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, 2024, ìbúgbàmù kan mi Ìbàdàn tìtì. Ilé wó ní Bódìjà, ó kéré tán ènìyàn márùn-ún kú, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì kéde pé ènìyàn 77 farapa. Gómìnà sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó ń wa kùsà láìgba àṣẹ ló tọ́jú ohun abúgbàmù sínú ilé kan ládùúgbò náà.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Láti 1964 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí ohun abúgbàmù, tó sọ pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó bú ní Bódìjà ti yege nínú ìdánwò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ìyẹn kò ran àwọn aládùúgbò lọ́wọ́. Ìdánwò tí a ṣe fún ihò kùsà kò lè dáàbò bo yàrá ìbùsùn. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní Bódìjà, àwọn tó sùn kò mọ̀ pé iná wà lórí òrùlé.

8. Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ ní Lekki àti Ajah

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí, pé kí ni olùkọ́ lè ṣe sí i? Lóòótọ́, olùkọ́ kò ní ibùdó ìdánwò, kò sì lè yẹ ilé ẹnikẹ́ni wò. Ṣùgbọ́n ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìmọ̀ náà ti wà. Ohun tó sọnù ni àṣà ìbéèrè, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti gbin àṣà yẹn.

A dá a lábàá pé kí olùkọ́ ìtàn àti ti ìmọ̀ àwùjọ ní agbègbè Ajah bẹ̀rẹ̀ láti ara òkúta tó wà ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Kí ó bi àwọn ọmọ léèrè ibi tí ó ti wá, ta ló fọ́ ọ, kí ni wọ́n fi fọ́ ọ, níbo ni wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n fi fọ́ ọ sí. Láti ibẹ̀, ó lè mú wọn dé Aro, dé Enugu, dé Òkè-Àfà àti Bódìjà. Kí ó tún kọ́ wọn ní ohun tí a ń ṣe bí a bá gbọ́ ìbúgbàmù: kí a kúrò lẹ́bàá fèrèsé onígíláàsì, kí a má ṣe sáré lọ wòran, kí a má sì sáré gba ọ̀nà tí a kò mọ̀ nínú òkùnkùn.

Ìlú ń gbòòrò lọ sí ìhà Ìbẹ̀jù-Lekki, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti èbúté ti dìde. Ibi tó jìnnà sí ilé lónìí lè wà láàrin ilé lọ́la, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí bárékè Ìkẹjà. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ yẹ kí ó bèèrè ohun tó wà lẹ́yìn odi aládùúgbò, kí ìjọba náà sì rí ìdáhùn gẹ́gẹ́ bí gbèsè tó jẹ ará ìlú.

9. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ikú àwọn awakùsà ló bí ìdánwò ohun abúgbàmù, àti pé àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà wọn. Ní Iva Valley, ìjọba bẹ̀rù ènìyàn ju ohun abúgbàmù lọ. Ní Ìkẹjà, a mọ̀ pé bọ́ǹbù ti gbó, a sì fi í sílẹ̀ láàrin ìlú. Ní Bódìjà, òfin wà, ojú tó yẹ kí ó máa ṣọ́ kò sí níbẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó bi àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu léèrè ọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá mọ èyí, tí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ tó jókòó níwájú wọn ní Ajah, a jẹ́ pé àwọn tó bómi lọ ní Òkè-Àfà ti fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún wa tí a kò dà nù.